Adènà Ọ́ìlì Ìhà Gíà: Orúkọ àti Ìtúnṣe Ohun Kékeré Kan nínú Ẹ́ńjìnì Jíìpù

Ìfáárà

Ní òwúrọ̀, nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá wa jíìpù rẹ̀ kúrò níbi tí ó gbé e sí mọ́jú, ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò. Bí àbàwọ́n dúdú kan bá wà níbẹ̀, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò bu yanrìn lé e lórí, tí wọn yóò sì gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àbàwọ́n náà yóò tún ti padà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbọ́ lè yà wọ́n lẹ́nu: òrùka rọ́bà kan tí ó fẹ́lẹ́, tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé, ni ó ti bàjẹ́; ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀ tó lè dé ibẹ̀, àfi kí a sọ gíà ọkọ̀ náà kalẹ̀. Owó òrùka náà kò tó nǹkan. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó pọ̀.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Èrèlé, ọdún 1976, ni Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti oníṣòwò kò sì yé ná ọ̀nà tí ó gba Bọ́lọ́rundúró kọjá láti Oǹdó lọ sí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú jíìpù tí wọ́n ń lò ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí àwọn ará òkè-òkun ti lò fún ọdún púpọ̀ kí a tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá. Rọ́bà inú ẹ́ńjìnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè gbó kí ó tó dé èbúté.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí òrùka náà jẹ́, bí ó ṣe ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì tibẹ̀ wo orúkọ tí ó yẹ kí ó máa jẹ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ohun tí ń jò lè san owó ìtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́.

Ohun tí òrùka náà jẹ́

Nínú ẹ́ńjìnì, àwọn písítìnì a máa lọ sókè sódò nínú sílíńdà wọn. Ọ̀pá irin kan tí ó rí kọ́lọkọ̀lọ ni ó ń sọ àlọ-àbọ̀ yìí di yíyípo. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíráńkì. Orí kan ọ̀pá yìí yọ síta ní ibi tí béètì wà. Orí kejì yọ síta ní ibi tí gíà gbé so mọ́ ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gbé agbára fún gíà. Ọ́ìlì ni ó ń fọ́n ká nínú ilé tí kíráńkì ti ń yí. Ní orí méjèèjì tí ọ̀pá náà gbé yọ jáde, ọ́ìlì náà ìbá bá a jáde bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró. Ohun tí ó ń dá a dúró ni òrùka tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ara òde òrùka náà máa ń le; a tì í bọ inú ihò rẹ̀ pinpin. Ní inú rẹ̀ ni ètè rírọ̀ kan wà, tí ó fara kan kíráńkì yípo. Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, sípíríńgì tín-ín-rín kan yí ètè yìí ká, ó sì fún un mọ́ ọ̀pá náà bí ọ̀já ṣe ń fún aṣọ mọ́ ìdí. Iṣẹ́ ètè náà kì í ṣe kékeré. Bí ìwọ̀n ìbú kíráńkì níbẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 90, tí ẹ́ńjìnì sì ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú irin tí ń kọjá lábẹ́ ètè náà ń sáré tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó lé ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ètè náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá, kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ. Ìwọ̀nba ọ́ìlì tí ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ ni ó máa ń wà láàárín òun àti irin, tí kì í jẹ́ kí ó jóná.

Láyé àtijọ́, okùn ni wọ́n ń wé sí ibẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì. Ní àwọn ọdún 1930 ni ilé-iṣẹ́ Carl Freudenberg ti ìlú Weinheim ní Jámánì, tí iṣẹ́ rẹ̀ àtilẹ̀wá jẹ́ awọ ṣíṣe, gbé òrùka elétè jáde. Awọ ẹran ni ètè àwọn ti àkọ́kọ́. Simmerring ni wọ́n sì ń pè é nítorí Walther Simmer tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ti tú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rí yóò rántí awọ tí ó wà lórí ọ̀pá inú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sá padà. Èrò kan náà ni. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà àtọwọ́dá gba ipò awọ. Rọ́bà tí a ń gbà lára igi, irú èyí tí ó wà ní oko rọ́bà Aráròmí Obù ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnì a máa mú un wú, a sì máa sọ ọ́ di rírọ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ṣe irú rọ́bà mìíràn tí ọ́ìlì àti ooru kò tètè bà jẹ́. Lóde òní, a tún ń rí àwọn tí a fi PTFE ṣe ètè wọn, ohun funfun tí ń yọ̀, tí a tún fi ń bo inú páànù ìdáná kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó lè ṣini lọ́nà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí atúmọ̀ èdè bá kàn mú orúkọ òrùka yìí láti inú ìwé ìtúnṣe ọkọ̀ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ó sì ń tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni yóò dojú kọ: èyí tí ó ń sọ irú ohun tí ó jẹ́, èyí tí ó ń sọ ohun tí ó ń dá dúró, àti èyí tí ó ń sọ ibi tí ó wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀fìn tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni èdìdì. Òun ni ìwé atúmọ̀ èdè yóò kọ́kọ́ fi lé ènìyàn lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó dúró fún òǹtẹ̀ tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà àti òrùka inú ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n èdìdì jẹ́ ohun tí a fi ń pa ẹnu nǹkan dé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Bí a bá já a, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Òrùka inú ẹ́ńjìnì kò pa ẹnu nǹkan dé. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún kíráńkì láti yọ jáde kí ó sì máa yí, ó sì ń dá ọ́ìlì nìkan padà. Ọmọrí àti ìdérí kò bá a mu fún ìdí kan náà. Òrùka lásán kò sì tó, nítorí pé àwọn òrùka mìíràn wà lára písítìnì tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ríìnsì, tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jùlọ ni adènà. Gbogbo ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Mímọ́ ni ó mọ adènà: ẹni tí ó dúró ní ẹnu-ọ̀nà, tí ó ń jẹ́ kí ẹni tí ó yẹ kọjá, tí ó sì ń dá ẹni tí kò yẹ padà. Ẹnu-ọ̀nà kò tì. Olùṣọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí ètè rọ́bà náà ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni epo. Nínú oúnjẹ, epo ni epo pupa. Nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, bí a bá sọ pé epo tán, bẹntiróò ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a ń sọ. Ohun tí a ń dà sínú ẹ́ńjìnì kí irin má baà máa jẹ irin ni a ń pè ní ọ́ìlì. Àwọn kan lè fẹ́ yẹra fún ọ́ìlì nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, kí wọ́n sì kọ “adènà epo”. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí àwọn awakọ̀ ti fi sáàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe pàtàkì, nítorí pé bẹntiróò tí ń jò lè gbiná lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì tí ń kán sí ilẹ̀ kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́, a ti sọ ohun tí ó wúlò nù nítorí àtimú èdè mọ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ẹ̀yìn. Àwọn aláwọ̀ funfun sọ òrùka náà ní ti ẹ̀yìn nítorí pé nínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ́ńjìnì dọ́bálẹ̀ ní òòró ọkọ̀, orí béètì kọjú sí iwájú, gíà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣì rí nínú Toyota 4Runner. Ṣùgbọ́n nínú Toyota Highlander àti Honda CR-V, ẹ́ńjìnì dábùú ọkọ̀ ni; gíà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú irú jíìpù bẹ́ẹ̀, òrùka tí wọ́n ń pè ní ti ẹ̀yìn kọjú sí ọ̀kan nínú táyà iwájú. Ẹni tí ó bá ń wá a ní ẹ̀yìn yóò wá a tì.

A lè fojú inú wo olùkọ́ àgbà kan tí ó gbé jíìpù rẹ̀ fún mẹkáníìkì ní Oǹdó, tí ó sì padà wá gbọ́ èsì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kí ni ẹ rí?”

“Ẹ kú àbọ̀, sà. Epo ń jò lẹ́yìn.”

“Lẹ́yìn kẹ̀? Ẹ̀yìn ni táńkì wà. Ṣé táńkì ni ó lu?”

“Rárá o, sà. Kì í ṣe epo inú táńkì. Ọ́ìlì ni. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnì ni, níbi tí gíà gbé so mọ́ ọn.”

Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì yìí sọ, kò purọ́, síbẹ̀ olùkọ́ náà gbọ́ ohun mìíràn. Gbólóhùn tí ó fi tún un ṣe ni ó ní àlàyé tí ó péye nínú: ọ́ìlì, àti ibi tí gíà gbé so mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí a bá kó àlàyé yìí jọ sí orúkọ kan, ohun tí a ní ni adènà ọ́ìlì ìhà gíà. Ẹnìkejì rẹ̀ tí ó wà ní orí kejì kíráńkì yóò sì jẹ́ adènà ọ́ìlì ìhà béètì. Ibi yòówù kí a dojú ẹ́ńjìnì kọ nínú ọkọ̀, orúkọ méjèèjì kò ní ṣini lọ́nà. Ní ti èyí, orúkọ Yorùbá náà péye ju orúkọ tí ó wà nínú ìwé òyìnbó lọ.

Kí a tó sọ gíà kalẹ̀

Àṣìṣe tí ó gbówó lórí jùlọ nínú iṣẹ́ yìí máa ń ṣẹlẹ̀ kí a tó mú sípánà. Ọ́ìlì tí ó jáde láti òkè ẹ́ńjìnì, ní ibi gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, tàbí ní ìdí súwíìṣì ọ́ìlì, yóò ṣàn gba ara ẹ́ńjìnì wálẹ̀, yóò sì kán sí ilẹ̀ ní ibi kan náà tí adènà ìhà gíà ìbá kán sí. Gásíkẹ́ẹ̀tì sọ́ḿpù lè jọ ọ́ pẹ̀lú. Gíà fúnra rẹ̀ ní adènà tirẹ̀ ní iwájú. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, àárín gíà àti ẹ́ńjìnì kan náà ni yóò ti máa jáde. Ibi tí ọ́ìlì ti kán kọ́ ni ibi tí ó ti jò.

Èdè Yorùbá ti ní àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè fi wọn ìjáde ọ́ìlì. Jò ni ó kó gbogbo wọn pọ̀. Bí ara irin bá kàn tutù fún ọ́ìlì, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò sí ohun tí ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rin. Bí ó bá ń bọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kán. Bí kò bá dáwọ́ dúró tí ẹ́ńjìnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ń dà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà èdè nìkan. Ẹ́ńjìnì tí ó ti dàgbà tí ó sì ń rin lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ bí a bá ń yẹ ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀ wò. Kò pọn dandan kí a tìtorí èyí sọ gíà kalẹ̀. Èyí tí ń kán, àkíyèsí ni ó ń fẹ́, kí a sì ṣètò fún un. Èyí tí ń dà kò gbọ́dọ̀ tún rìn láti Oǹdó dé Àkúrẹ́, nítorí pé bí ọ́ìlì bá tán, irin yóò máa jẹ irin, ẹ́ńjìnì yóò sì nọ́ọ̀kì.

Nítorí náà, ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí a kọ́kọ́ fọ ẹ́ńjìnì àti ibi tí gíà gbé so mọ́ ọn, kí a nù ún gbẹ, kí a wa ọkọ̀ náà díẹ̀, kí a sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ó ga jùlọ tí ó tutù ni ó yẹ kí a fura sí. A tún lè da aró kan tí ó wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ọ́ìlì, tí yóò máa tàn bí a bá tan iná àkànṣe sí i. Àwọ̀ pẹ̀lú a máa sọ òtítọ́: ọ̀pọ̀ ọ́ìlì gíà tí ń yí ara rẹ̀ padà ni ó pọ́n nígbà tí ó wà ní tuntun, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì a sì máa dúdú bí a bá ti ń lò ó.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ẹ́ńjìnì ní ojú èémí, níbi tí fáàfù kékeré kan wà tí ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Bí ìdọ̀tí bá dí i, atẹ́gùn yóò kó sínú, yóò sì máa ti ọ́ìlì jáde lábẹ́ ètè adènà. Bí a bá pààrọ̀ adènà láì tún ojú èémí ṣe, adènà tuntun náà yóò jò láìpẹ́, a ó sì dá mẹkáníìkì lẹ́bi pé kò mọ iṣẹ́.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Nígbà tí ó bá ti dájú pé adènà ìhà gíà ni ó bàjẹ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú jíìpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà ní òòró, irú 4Runner, ṣe àpẹẹrẹ. A ó tú wáyà kúrò lórí bátìrì. A ó gbé ọkọ̀ náà sókè, a ó sì fi irin ẹlẹ́sẹ̀ tí ó lágbára gbé e ró, nítorí pé a kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. A ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí pùròpẹ́là ti pàdé gíà kí a tó tú u, kí ó lè padà sí ààyè rẹ̀ gẹ́lẹ́. A ó tú sítátà, páìpù ọ́ìlì gíà, àwọn wáyà, àti irin ìdábùú tí gíà gbé ara lé. Bí ó bá jẹ́ jíìpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ dábùú ni, ó lè di dandan kí a tún sọ férémù kékeré tí ẹ́ńjìnì jókòó lé kalẹ̀, èyí sì ń mú iṣẹ́ náà gùn sí i.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tú àwọn bóòtì tí ó so kọ̀nfátà mọ́ àwo eléyín, a ó gbé ẹ́ńjìnì ró, a ó sì fi jáàkì gba gíà wálẹ̀. Gíà wúwo, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Kọ̀nfátà gbọ́dọ̀ bá gíà wá; bí a bá fi í sílẹ̀ kí ó fà kọ́ sí ẹ́ńjìnì, ó lè ba adènà gíà jẹ́.

Nígbà tí ojú bá ti rí ẹ̀yìn àwo eléyín, ó yẹ kí ọ̀gá dúró díẹ̀ kí ó wò ó dáadáa. Èyí ni àǹfààní ìkẹyìn láti mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ohun tí a sọ fún ọlọ́kọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìhà kíráńkì ni ó tutù, a kò ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ ìhà kọ̀nfátà ni, adènà gíà ni ó ń jò.

A ó tú àwo eléyín kúrò, adènà yóò sì hàn. Ìgbà tí a bá ń yọ ọ́ ni ìṣọ́ra gbọ́dọ̀ pọ̀ jùlọ. Síkírúdíráfà ni ọ̀pọ̀ ń lò. Bí ẹnu rẹ̀ bá fi ha ojú kíráńkì, ìlà kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ti tó láti jẹ́ kí adènà tuntun máa jò láti ọjọ́ kìíní. Nítorí náà, a máa ń fi aṣọ wé ẹnu irin náà, a kì í sì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá. Lẹ́yìn tí ó bá jáde, a ó fi èékánná yẹ ojú kíráńkì wò. Bí èékánná bá há, ètè àtijọ́ ti gbẹ́ poro síbẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, a lè ti adènà tuntun díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ kí ètè rẹ̀ má baà bọ́ sínú poro náà. Àwọn mìíràn sì wà tí a lè fi òrùka irin fẹ́lẹ́ bò.

A ó fi adènà tuntun wé ti àtijọ́, kí ìbú àti ìnípọn wọn má baà yàtọ̀. Ojú tí sípíríńgì wà ni ó gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ́ìlì. Bí ètè rẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà, a ó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á. Bí ó bá jẹ́ PTFE, gbígbẹ ni a ń fi í sí, a kì í sì í fi ọwọ́ kan ètè rẹ̀; a ó tẹ̀lé ohun tí ẹni tí ó ṣe é bá sọ nípa iye wákàtí tí ó yẹ kí a dúró kí a tó tan ẹ́ńjìnì. A ó wá fi ohun tí ó rí róbótó, tí ó sì bá ìbú rẹ̀ mu, tì í wọlé ní dọ́gbadọ́gba. Ẹni tí ó bá fi òòlù lù ú ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì yóò wọ́ ọ. Adènà tí ó bá wọ́ yóò jò.

Àwọn bóòtì àwo eléyín ní àṣírí tiwọn. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, ihò tí wọ́n wọ̀ lu já dé ibi tí ọ́ìlì wà. Bí a kò bá fi gọ́ọ̀mù tí ó yẹ sí ẹnu wọn, ọ́ìlì yóò gba ojú ìlà bóòtì jáde, ẹni tí ó bá rí i yóò sì rò pé adènà tuntun ni ó ti bàjẹ́. A máa ń dè wọ́n ní àdékọjá, ìyẹn ni pé bí a bá dè tòkè, a ó dè tìsàlẹ̀, pẹ̀lú sípánà tí ń wọn agbára, ní ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà bá sọ. Nígbà tí gíà bá ń padà, kọ̀nfátà gbọ́dọ̀ ti jókòó wọ inú gíà dé òpin. Bí kò bá jókòó, tí a sì fi bóòtì fa gíà mọ́ ẹ́ńjìnì, pọ́ǹpù inú gíà yóò fọ́, ìtúnṣe òrùka rọ́bà yóò sì wá di ríra gíà mìíràn.

Ní ìkẹyìn, a ó da ọ́ìlì sí i, a ó tan ẹ́ńjìnì, a ó jẹ́ kí ó gbóná, a ó sì tún yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìrìn-àjò kan, a ó tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí páálí bá gbẹ ní òwúrọ̀, iṣẹ́ náà yọrí.

Àtẹ ọ̀rọ̀-ìperí

Ohun tí ó tẹ̀lé e yìí ni àwọn orúkọ tí iṣẹ́ náà béèrè fún. Àwọn kan jẹ́ àyálò tí ó ti fìdí múlẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ àpèjúwe.

Kíráńkì: ọ̀pá inú ẹ́ńjìnì tí ń sọ àlọ-àbọ̀ písítìnì di yíyípo.
Adènà ọ́ìlì: òrùka elétè tí ń dá ọ́ìlì dúró níbi tí ọ̀pá tí ń yí gbé yọ jáde, ọ́ìlì-sìlì ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.
Adènà ọ́ìlì ìhà gíà: èyí tí ó wà ní orí kíráńkì tí ó kọjú sí gíà.
Adènà ọ́ìlì ìhà béètì: ẹnìkejì rẹ̀ ní orí kíráńkì tí ó kọjú sí béètì.
Ètè adènà: apá rírọ̀ tí ó fara kan ọ̀pá.
Ilé adènà: ihò tàbí àwo irin tí a ti adènà bọ̀.
Ojú ìyípo: ibi tí ètè adènà ń gùn lára ọ̀pá.
Àwo eléyín: àwo irin tí ó wà láàárín kíráńkì àti kọ̀nfátà, tí sítátà ń fi eyín rẹ̀ yí ẹ́ńjìnì.
Ojú èémí ẹ́ńjìnì: ọ̀nà tí atẹ́gùn inú ilé kíráńkì ń gbà lọ.

A kò fi “adènà ọ́ìlì” síbẹ̀ kí ó lè lé “ọ́ìlì-sìlì” kúrò lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Orúkọ àyálò ni a ó fi ra ohun náà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èèlò ọkọ̀. Orúkọ àpèjúwe ni a ó fi kọ́ni, tí a ó sì fi kọ ìwé. Àwọn méjèèjì lè jọ wà.

Àgbálọgbábọ̀

Oǹdó jẹ́ ìlú tí a ti ń ṣe ọdún Ògún pẹ̀lú ọlá ńlá, àwọn alágbẹ̀dẹ àti awakọ̀ sì ní ipa nínú rẹ̀. Nínú àgbẹ̀dẹ, gbogbo irinṣẹ́ ni ó ní orúkọ Yorùbá: ẹwìrì, ẹ̀mú, ọmọ owú. Irin inú ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun àti orúkọ rẹ̀ ni ó jọ wọ̀lú. Síbẹ̀, èdè tí ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi gba ìdáǹdè ṣì jẹ́ èdè Yorùbá. Láti ẹnu dé etí ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Díẹ̀ ni ó wọ inú ìwé.

Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Àkúrẹ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ láti ọdún 1981, níbi tí a ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ. Oǹdó ní ilé-ẹ̀kọ́ Adéyẹmí, tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ kí ó tó di yunifásítì. Láàárín ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ọgbà àwọn mẹkáníìkì wà. Bí onímọ̀ ẹ̀rọ, olùkọ́ èdè àti ọ̀gá mẹkáníìkì bá jókòó yí ẹ́ńjìnì kan ká, ọ̀rọ̀ tí wọn yóò kó jọ lọ́jọ́ kan yóò pọ̀ ju èyí tí atúmọ̀ èdè kan lè dá rò lọ.

Àwọn àgbà sọ pé ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tí ó bá lè bi mẹkáníìkì pé, “Ṣé adènà ìhà gíà ni, àbí ó ń ṣàn wá láti òkè? Ṣé ó ń rin ni, àbí ó ń kán?” ti mọ ohun tí yóò san owó lé lórí. Mẹkáníìkì tí ó bá sì lè dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó sọ gíà kalẹ̀.